Kámẹ́rà Onífíìmù Àkọ́kọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Yan SLR Tó Dára ní Àkúrẹ́, Kí Ẹ sì Mọ̀ Ọ́n Lò

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fíìmù ya fọ́tò, kámẹ́rà tó yẹ kó kọ́kọ́ wá ni èyí tí ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn aṣọ tó ń ṣí kí ìmọ́lẹ̀ lè kan fíìmù, ń ṣiṣẹ́ láìsí bátìrì, tó ní lẹ́ńsì 50mm kan lẹ́nu, tí kò sì ju nǹkan mẹ́ta lọ tí èèyàn ń fọwọ́ yí lára rẹ̀: ìyára ṣọ́tà, ihò lẹ́ńsì àti fókọ́ọ̀sì. Ìyókù owó yín, fíìmù ni kí ẹ fi rà. Kámẹ́rà olówó ńlá tí kò rí fíìmù jẹ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

SLR ni kámẹ́rà tí dígí kan dúró lẹ́yìn lẹ́ńsì rẹ̀. Dígí yìí ló ń gbé ohun tí lẹ́ńsì rí lọ sókè sí ihò tí ẹ ń gbà wòran, nítorí náà ohun tí ẹ rí gan-an ni fíìmù yóò rí. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè, aṣọ ṣọ́tà á ṣí, ìmọ́lẹ̀ á kan fíìmù, aṣọ á pa dé, dígí á sì padà sípò. Kò sí idán kankan nínú rẹ̀ ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí èyí tó ti pé ogójì ọdún fi ṣì ń ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ rà

Pentax K1000 ni ẹnu àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ gbà, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1976 ló jáde, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, wọn kò sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró títí di 1997. Ìdí nìyẹn tó fi pọ̀ nínú tòkunbọ̀. Bátìrì LR44 kan ló ń lò, mítà, ìyẹn ohun tó ń ka ìmọ́lẹ̀, nìkan ni bátìrì náà sì wà fún. Bó bá kú, kámẹ́rà ṣì ń yà. Kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa mítà. Ìdérí lẹ́ńsì ni kí ẹ dé bí ẹ kò bá lò ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bátìrì á máa tán nílẹ̀.

Nikon FM ti 1977 àti FM2 ti 1982 lágbára jù ú lọ, owó wọn náà sì máa ń wọ́n. LR44 méjì ni wọ́n ń lò, fún mítà nìkan. Ohun kan wà tí kò yẹ kó rú yín lójú lára wọn: bí ọwọ́ tí a fi ń fa fíìmù bá lẹ̀ mọ́ ara kámẹ́rà, bọ́tìnì kò ní tẹ̀. Ẹ fà á síta díẹ̀, bọ́tìnì á ṣí, mítà á sì jí. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé kámẹ́rà ti kú, kó sì tà á ní ẹ̀dínwó. Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́ńsì Nikon ìgbàlódé tí kò ní òrùka tí a fi ń yí ihò: yóò wọlé sẹ́nu FM, àmọ́ ẹ kò ní rí ihò rẹ̀ yí.

Canon AE-1, òun náà ọmọ 1976, dára, àmọ́ láìsí bátìrì kò ní tẹ̀ rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni Minolta X-700 ti 1981. Bátìrì AE-1 ń jẹ́ 4LR44, 6 volt ni. Bí ẹ kò bá rí i, LR44 mẹ́rin tí ẹ tò léra wọn tí ẹ sì fi bébà wé yí ká yóò ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹ má ṣe fi bátìrì rìmóòtù mọ́tò sí i o; ó jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n 12 volt ni.

Olympus OM-1 fúyẹ́, ó sì dára lọ́wọ́, àmọ́ bátìrì onímákúrì 1.35 volt ni wọ́n ṣe mítà rẹ̀ fún, wọn kì í sì í ṣe é mọ́. Bátìrì 1.5 volt tí ẹ bá fi rọ́pò rẹ̀ á máa jẹ́ kí mítà parọ́. Ẹ lè rà á bí ẹ bá ti fẹ́ fi fóònù ka ìmọ́lẹ̀. Zenit-E ti àwọn ará Soviet kò lo bátìrì rárá, owó rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ṣùgbọ́n láti 1/30 sí 1/500 nìkan ni ìyára rẹ̀, ọwọ́ ni ẹ ó sì fi pa ihò lẹ́ńsì dé kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì. Ó ń kọ́ èèyàn ní sùúrù, a kò sì ní kọ̀ ọ́ fún ẹni tí owó ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí ẹ̀gbọ́n yín bá ń fi Canon onídíjítà ya ìgbéyàwó, tó sì ní 50mm f/1.8, ẹ lè wá Canon EOS onífíìmù ti àwọn ọdún 1990. Lẹ́ńsì EF rẹ̀ á wọ̀ ọ́ (EF-S kò ní wọ̀ ọ́), kámẹ́rà á sì máa ṣe fókọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bátìrì wọn ni ìṣòro: CR2, CR123A tàbí 2CR5, gẹ́gẹ́ bí irú kámẹ́rà náà bá ṣe rí. Bí èyí bá tán lọ́wọ́ yín lókè Ìdànrè, ó parí nìyẹn.

Kámẹ́rà onífíìmù kì í pàtẹ ní Àkúrẹ́ bíi fóònù. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn bàbá onífọ́tò tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí onídíjítà tó dé, ní àyíká Ọjà Ọba tàbí lójú ọ̀nà Ọba Adésídà. Ẹ kí wọn dáadáa kí ọ̀rọ̀ owó tó jáde: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ṣì ní kámẹ́rà onífíìmù tí ẹ ò lò mọ́?” Èyí tó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́ lè dára, ó sì lè ti bu. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín

Ẹ mú LR44 tuntun méjì dání. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń tún aago ṣe. Ẹ mú fóònù tó ní tọ́ọ̀ṣì, àti rólù fíìmù kan tó ti bàjẹ́ bí ẹ bá rí i. Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n dán an wò ná.” Bó bá fàáké kọ́rí pé kí ẹ má ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ dúpẹ́, kí ẹ máa lọ.

Ẹ fa ọwọ́ tí a fi ń ká fíìmù padà sókè, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á ṣí. Ẹ yọ lẹ́ńsì. Ẹ kọjú kámẹ́rà sí ojú ọ̀run tó mọ́lẹ̀, kì í ṣe sí oòrùn fúnra rẹ̀. Ẹ yí ìyára sí 1, ẹ fa fíìmù, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ sì fi etí sí i. Ìṣẹ́jú àáyá kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá di méjì, tàbí tí aṣọ ṣọ́tà há sáàárín, ọ̀rá inú rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ tẹ gbogbo ìyára lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má fo ọ̀kankan. Ní 1/1000, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjá ní gbogbo ojú fèrèsé náà. Bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ kan fọ́tò yín á máa dúdú nígbàkúùgbà tí oòrùn bá mú. Èyí tí 1 sí 1/15 rẹ̀ nìkan ń falẹ̀, tí 1/60 sókè sì dá múṣémúṣé, ẹ ṣì lè rà á bí owó bá wálẹ̀, nítorí ẹ kì í fi ọwọ́ lásán lo àwọn ìyára kékeré yẹn. Ẹ má fi ìka kan aṣọ ṣọ́tà.

Lẹ́yìn náà, fóòmù. Kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí etí ilẹ̀kùn ká, fóòmù dúdú ló wà nínú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa yọ́ wọlé. Ẹ fi igi ìtayín kàn án. Bó bá fà mọ́ igi, tó sì dọ̀tí, ó ti rà. Èyí kò tó ohun tí ẹ máa torí rẹ̀ fi kámẹ́rà sílẹ̀: ẹ fi igi ìtayín àti sípírítì díẹ̀ fọ̀ ọ́ kúrò, kí ẹ tẹ́ òwú dúdú tí wọ́n fi ń hun súwẹ́tà sínú kòtò náà, kí ẹ sì fi fóòmù pẹlẹbẹ dúdú sí ìdí ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó hàn nínú iye tí ẹ máa san. Fóòmù mìíràn wà níbi tí dígí ti ń gbá òkè. Ẹ wo òun náà, nítorí bó bá rà, dígí á máa lẹ̀ mọ́ ọn.

Lẹ́ńsì ni kí ẹ fara balẹ̀ wò jù ní ìlú tí òjò ti ń rọ̀ tó báyìí. Ẹ ṣí ihò rẹ̀ pátá, sí nọ́ńbà tó kéré jù bíi f/2 tàbí f/1.8, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, kí ẹ sì wò ó láti iwájú ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Eruku díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ohun tí ẹ ń wá ni okùn funfun wínníwínní tó ta ẹ̀ka: lẹ́ńsì tó bu nìyẹn. Bó bá jẹ́ etí nìkan ló ti bẹ̀rẹ̀, kò tíì hàn nínú fọ́tò. Bó bá ti bo àárín, fọ́tò á máa dà bí ẹni pé kùrukùru bò ó, ó sì lè ti jẹ awọ ara gíláàsì. Ẹ wá yí òrùka sí f/16, kí ẹ ti ọ̀pá kékeré ẹ̀yìn lẹ́ńsì sọ́tùn-ún sósì. Àwọn irin pẹlẹbẹ inú ihò gbọ́dọ̀ pa dé kíá, kí wọ́n sì gbẹ. Bí ọ̀rá bá ń dán lára wọn tí wọ́n sì ń wọ́, ihò náà kò ní tíì pa dé nígbà tí ṣọ́tà bá ṣí.

Ẹ ṣí ilé bátìrì. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tàbí funfun díẹ̀ ṣeé fi òwú àti fínígà nù. Bó bá ti jẹ irin náà tán, mítà ti lọ nìyẹn. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i, ẹ kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, lẹ́yìn náà sí kọ̀rọ̀ yàrá: abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbéra. Ẹ fi áàpù tí ń ka ìmọ́lẹ̀ lórí fóònù wé e. Bí ìyàtọ̀ wọn bá jẹ́ iye kan náà nígbà gbogbo, ẹ lè máa fi nọ́ńbà ISO (èyí tó ń sọ bí fíìmù ṣe ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ tó) tún un ṣe.

Eruku tí ẹ bá rí nínú ihò ìwòran kò lè dé orí fọ́tò. Ẹ má torí rẹ̀ nu dígí o. Ojú òkè dígí yìí ni fàdákà rẹ̀ wà, kò sí gíláàsì tó bò ó; aṣọ tó rọ̀ pàápàá lè họ ọ́. Ẹ fi rọ́bà tí wọ́n fi ń fa ikun ọmọ fẹ́ atẹ́gùn sí i, kí ẹ fi mọ bẹ́ẹ̀.

Fíìmù

Rólù 135 ni, èyí tí ń yà 36 tàbí 24. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ISO 400 ni kí ẹ rà, nítorí ó gbà yín láàyè nígbà tí òjò bá ṣú, lábẹ́ igi àti nínú pálọ̀ tí fèrèsé rẹ̀ tóbi. Ilford HP5 Plus àti Kentmere 400 jẹ́ dúdú-àti-funfun. Kodak UltraMax 400 jẹ́ aláwọ̀.

Kí ẹ tó ra aláwọ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí wọ́n ti máa fọ̀ ọ́. Ilé ìtẹ̀fọ́tò tí ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti inú fóònù kì í ṣe dandan kó lè fọ fíìmù. C-41 ni wọ́n ń pe fífọ fíìmù aláwọ̀, 38°C gééré ni kẹ́míkà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà fún ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 15. Kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ń fi ìgboyà ṣe nílé. Dúdú-àti-funfun ṣeé fọ̀ nílé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ẹni tó wà ní Àkúrẹ́ nímọ̀ràn pé kó fi í bẹ̀rẹ̀.

Bí ará yín kan bá ń ti òkè òkun bọ̀, kó fi fíìmù sínú báàgì ọwọ́, kì í ṣe sínú ẹrù tí wọ́n ń gbà sí abẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Bí ẹ̀rọ ayẹ̀ruwò ibẹ̀ bá jẹ́ ti CT, èyí tí ìtànṣán rẹ̀ lágbára tó láti ba fíìmù jẹ́, kó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fọwọ́ yẹ fíìmù wò. Nílé, fìríìjì ni kí ẹ kó o sí. Bí ẹ bá mú un jáde, ẹ fi í sílẹ̀ nínú agolo rẹ̀ fún wákàtí kan tàbí méjì kí ẹ tó ṣí i, kí omi má bàa sẹ̀ sí i lára. Ẹ má fi sílẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án.

Fífi fíìmù sínú kámẹ́rà

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù rólù àkọ́kọ́ wọn. Wọ́n á ya 36, wọ́n á ya 37, wọ́n á ya 40, fíìmù ò sì kúrò lójú kan láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ jókòó síbi tí oòrùn ò tàn sí. Ẹ ṣí ẹ̀yìn, ẹ ki agolo fíìmù sí apá òsì, ẹ sì ti ọ̀pá ìkápadà wọlẹ̀ kó di àárín agolo mú. Ẹ fa ahọ́n fíìmù gba ojú ṣọ́tà kọjá, kí ẹ ki í bọ inú ojú ọ̀pá apá ọ̀tún. Ẹ fa ọwọ́ ìfà lẹ́ẹ̀kan, ẹ tẹ bọ́tìnì, ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ilẹ̀kùn ṣì ṣí sílẹ̀ o. Ẹ wò ó: eyín òkè àti eyín ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti wọ ihò etí fíìmù, ọ̀pá apá ọ̀tún sì gbọ́dọ̀ ti ká a yípo kan. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó pa ilẹ̀kùn dé.

Ẹ wá fi ìka rọra yí ọwọ́ ìkápadà sí ibi tí ọfà rẹ̀ kọjú sí títí á fi le, ẹ má fi agbára sí i. Fíìmù ti nà tán nínú agolo nìyẹn. Ẹ fà, ẹ tẹ̀. Ẹ fà, ẹ tẹ̀, títí nọ́ńbà á fi dé 1. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ń fà, ojú yín kó wà lára ọwọ́ ìkápadà: ó gbọ́dọ̀ máa yí padà sẹ́yìn. Bí kò bá yí, fíìmù kò lọ. Ẹ ṣí i, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ̀yà méjì péré, ìyẹn àyè fọ́tò méjì, ni ẹ máa pàdánù. Ẹ fi fíìmù tó ti bàjẹ́ ṣe ìdánrawò yìí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó dára.

Nígbẹ̀yìn, ẹ yí ISO sí 400. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, mítà rẹ̀ á máa fi nọ́ńbà ẹlòmíràn ṣírò.

Kíka ìmọ́lẹ̀

Nọ́ńbà ihò ń lọ báyìí: 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16. Bí nọ́ńbà bá ń ga, ihò ń kéré, ìmọ́lẹ̀ ń fi ìdajì dín. Ìyára náà bẹ́ẹ̀: 1/60, 1/125, 1/250, 1/500. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní ìgbésẹ̀ kan. f/8 ní 1/125 àti f/5.6 ní 1/250 ń gba ìmọ́lẹ̀ kan náà wọlé; ìyàtọ̀ wọn ni pé f/5.6 á jẹ́ kí ẹ̀yìn ẹni tí ẹ ń yà rú díẹ̀ sí i, 1/250 á sì mú ẹni tó ń rìn dúró.

Mítà kò mọ èèyàn, kò mọ aṣọ. Ohun yòówù tí ẹ bá kọjú rẹ̀ sí, ó gbà pé àwọ̀ eérú ni, kò funfun, kò dúdú, ó sì fẹ́ sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyàwó tó wọ léèsì funfun, tó dúró níwájú ògiri funfun. Léèsì àti ògiri ló gba ojú mítà. Mítà á ní kí ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù, léèsì á di eérú, ojú ìyàwó á sì ṣókùnkùn tí ẹ kò ní mọ imú yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ojú ọ̀run lẹ́yìn èèyàn ń ṣe ohun kan náà. Ohun tó ń ba fọ́tò àwa aláwọ̀ dúdú jẹ́ jù nìyí, kì í sì í ṣe ẹ̀bi awọ wa. Ibi tí wọ́n ti ka mítà ni.

Ẹ sún mọ́ ọn títí ojú rẹ̀ á fi kún inú ihò ìwòran. Ẹ ka mítà níbẹ̀, ẹ yí ìyára àti ihò kí abẹ́rẹ́ lè dúró láàárín, kí ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ sì yà á láìtún yí nǹkan kan mọ́, bí abẹ́rẹ́ tilẹ̀ ń pariwo. Lókèèrè, mítà lè ti sọ 1/250 ní f/8. Lójú ìyàwó, ó lè di 1/60 ní f/8. Ìgbésẹ̀ méjì nìyẹn, òun sì ni ìyàtọ̀ láàárín ojú tó hàn àti ojú tó ṣú. Bí awọ ẹni náà bá dúdú gan-an, mítà lè fi ìmọ́lẹ̀ ìgbésẹ̀ kan kún un ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Fíìmù nẹ́gátíìfù ń fara da ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ jù, kò fara da èyí tó kéré jù.

Bó bá jẹ́ àgbà tí ẹ kò lè lọ fi kámẹ́rà tẹ̀ lójú, ẹ lo àtẹ́lẹwọ́ yín. Ẹ nà án síbi tí irú ìmọ́lẹ̀ tó wà lójú wọn ti ń tàn, ẹ jẹ́ kó kún inú ihò ìwòran, ẹ ka mítà, kí ẹ wá fi ìgbésẹ̀ kan kún ìmọ́lẹ̀: bó bá sọ 1/250, ẹ lo 1/125. Àtẹ́lẹwọ́ mọ́lẹ̀ ju àwọ̀ eérú mítà lọ ní bí ìgbésẹ̀ kan, ì báà jẹ́ ti ẹni dúdú tàbí ti ẹni pupa.

Bí bátìrì bá kú, ẹ má dààmú. Nínú oòrùn tó mú, tí òjìji dá ṣáká, f/16 ni, ìyára sì jẹ́ èyí tó sún mọ́ nọ́ńbà ISO: fún ISO 400, 1/500. Bí ọyẹ́ bá bo ojú oòrùn tí etí òjìji ti rọ̀, f/11. Bí ìkùukùu bá bò ó tí kò sí òjìji, f/8. Lábẹ́ òrùlé tàbí igi tó ṣí sí ojú ọ̀run, f/4.

Ní Àkúrẹ́, oòrùn ọ̀sán máa ń dúró sókè orí, yóò sì fi òkùnkùn sí kòtò ojú àti abẹ́ imú. Kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù, tàbí láti aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni kí ẹ ya èèyàn. Bó bá di dandan lọ́sàn-án, ẹ mú un wọ abẹ́ ìbòòji, kó kọjú síta.

Fókọ́ọ̀sì àti ìdúró

Ní àárín ihò ìwòran, ọ̀pọ̀ kámẹ́rà yìí ní róbótó kan tó pín sí méjì. Ẹ wá ìlà tó dúró ṣánṣán, bíi etí ilẹ̀kùn, ẹ yí lẹ́ńsì títí ìdajì òkè àti ìdajì ìsàlẹ̀ á fi pàdé. K1000 kò ní ìpín yìí ní ọ̀pọ̀ jù. Yíyòyíyò ló máa ń ṣe títí yóò fi dá ṣáká. Fún èèyàn, ojú tó sún mọ́ yín ni kí ẹ fi fókọ́ọ̀sì sí.

Pẹ̀lú 50mm, ẹ má fi ọwọ́ lásán lọ sí ìsàlẹ̀ 1/60. Ìgúnpá méjèèjì kó fara mọ́ ìhà, ọwọ́ òsì kó gbé lẹ́ńsì láti abẹ́. Fíláàṣì ní ìyára tirẹ̀: 1/60 fún K1000, 1/125 fún Nikon FM. Bí ẹ bá lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, apá kan fọ́tò á dúdú.

Rólù àkọ́kọ́, ẹ má gbé e lọ sí òde ìyàwó ẹnikẹ́ni. Ẹ mú ìwé kékeré àti bírò, ẹ ya ẹnì kan náà ní f/2, f/5.6 àti f/16. Ẹ yà á nínú oòrùn, lábẹ́ ìbòòji, nídìí fèrèsé. Ẹ kọ nọ́ńbà ọ̀kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Rólù kejì ni kí ẹ gbé gun òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, nítorí náà kámẹ́rà, lẹ́ńsì kan àti náílọ̀ọ̀nù òjò ti tó. Níbẹ̀, ẹ ka mítà lára àpáta tàbí koríko tí oòrùn ń tàn sí, kì í ṣe lára ojú ọ̀run.

Bí fíìmù bá tán

Ọwọ́ ìfà á le, kò ní lọ mọ́. Ẹ má fi tipátipá fà á, ẹ ó já fíìmù. Bọ́tìnì kékeré kan wà ní abẹ́ kámẹ́rà: ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí ẹ ṣí ọwọ́ ìkápadà, kí ẹ sì máa yí i sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹ ó gbọ́ nígbà tí ahọ́n bá yọ kúrò lára ọ̀pá, ọwọ́ á sì fúyẹ́ lójijì. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn.

Ó wá ku fífọ̀ rẹ̀ nílé. Fún HP5 Plus pẹ̀lú kẹ́míkà ID-11 tí ẹ kò bomi là, ìṣẹ́jú 7½ ní 20°C ni. Omi ẹ̀rọ wa kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi píọ́ wọ́tà tó ti di yìnyín yí ìgò kẹ́míkà ká nínú abọ́, kí tẹmọ́mítà wà nínú rẹ̀. Bó bá dúró sí 23°C, ẹ dín àkókò kù sí nǹkan bí ìṣẹ́jú 5½. Tánkì kékeré, ìyẹn agolo tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀ tí a ti ń fọ fíìmù, ń gba bíi 300ml. Òkùnkùn biribiri ni kí ẹ ti ká fíìmù sórí rílì, ohun róbótó tó ń gbé e dúró nínú tánkì. Iná pupa tí ẹ ti rí ní yàrá òkùnkùn, bébà ni ó wà fún, fíìmù rí i dáadáa. Ẹ yí tánkì dojú délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin ní ìṣẹ́jú àáyá 10 àkọ́kọ́, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ẹ dà á, ẹ fi omi ṣàn án, ẹ bu fíkísà, kẹ́míkà tí ń jẹ́ kí àwòrán dúró, 1+4 (ìdá kan fún omi ìdá mẹ́rin) sí i fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Gbogbo omi wọ̀nyí, kí ìtutù wọn máa sún mọ́ra. Fún ìfọ̀kẹ́yìn, kò sí ìdí láti fi ẹ̀rọ omi ṣòfò: ẹ rọ omi kún tánkì, ẹ yí i lẹ́ẹ̀márùn-ún, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ ọ́, ẹ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ dà á nù, ẹ tún rọ ọ́, ẹ yí i ní ogún ìgbà.

Bí nẹ́gátíìfù bá jáde láìsí àwòrán, ẹ wo etí rẹ̀. Bí nọ́ńbà àti orúkọ fíìmù bá wà níbẹ̀ tí àárín sì mọ́ gaara, kẹ́míkà yín dára. Fíìmù ni kò lọ nínú kámẹ́rà, tàbí ṣọ́tà kò ṣí. Bí etí náà bá mọ́ gaara láìsí nọ́ńbà, fíkísà lẹ kọ́kọ́ rọ, tàbí kẹ́míkà ti kú. Bí gbogbo rẹ̀ bá dúdú, ìmọ́lẹ̀ ti kàn án. Ìlà dúdú tó gba etí wọ àárín ní ọ̀pọ̀ ẹ̀yà ń sọ̀rọ̀ fóòmù ilẹ̀kùn. Ẹ̀yà tó gun ara wọn ń sọ pé ẹ̀rọ ìfà ti jẹ.

Ilé ìwẹ̀ ni kí ẹ fi fíìmù kọ́ sí kó gbẹ, kí ẹ kọ́kọ́ wọ́n omi sílẹ̀ kí eruku lè sùn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bó bá gbẹ tán, ẹ gé e ní mẹ́fà-mẹ́fà sínú bébà tí wọ́n ṣe fún un, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i. Kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, ẹ má kó wọn sínú àpò awọ wọn lásìkò òjò. Inú ike tó ní ìdérí, pẹ̀lú àpò kékeré kékeré tí ń fa omi tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ni kí ẹ kó wọn sí, kí ẹ sì máa gbé lẹ́ńsì síta nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀.